Ẹ Bèèrè, A Fèsì: Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, Kìlómítà Mélòó, Wákàtí Mélòó?

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà lẹ́yìn odi ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ de Ojúde Ọba, lẹ́tà tí à ń rí gbà lórí ìrìnàjò òfurufú ti pọ̀ ju lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún lọ, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè lójú ewé yìí. Márùn-ún nínú wọn nìyí.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó wá kí wa ní oṣù Kejìlá, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí a lè mọ ìgbà tí a ó lọ pàdé rẹ̀. Aago 11 òwúrọ̀ ló kúrò lọ́hùn-ún, aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló dé Èkó. Mo kà á lórí ìka, wákàtí 7 ààbọ̀ ni. Nígbà tó ń padà, ó gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́, ó sì balẹ̀ lọ́hùn-ún ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 35 ìdájí, èyí tí kò tó wákàtí 6. Ní báyìí tó fẹ́ wá bá wa ṣe Ojúde Ọba, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun sọ pé yóò gbéra ní aago 11 òwúrọ̀, yóò sì dé ní aago 5 ààbọ̀. Ọ̀nà kan náà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan náà. Ṣé ọ̀nà ojú òfurufú a máa gùn, a sì tún máa kúrú ni? (Ìyá aláṣọ kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú ìṣirò. Iye tí ẹ kà lórí ìka kò lábùkù rárá. Ohun tó da gbogbo rẹ̀ rú ni pé aago ìlú méjì ni ẹ yọ kúrò lára ara wọn bí ẹni pé ara ògiri kan náà ni wọ́n fi wọ́n kọ́ sí. Aago ìgbéra tí wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú tí ọkọ̀ òfurufú ti ń gbéra, aago ìbalẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú tó ń balẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ káàkiri ayé, kí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé àlejò má baà máa ṣe ìṣirò kí ó tó mọ ìgbà tí yóò jáde nílé.

Nàìjíríà kì í sún aago rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn: láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, wákàtí 1 la fi ṣíwájú aago Greenwich. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kì í dúró sójú kan. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, aago Greenwich gan-an ni wọ́n ń lò, tó fi jẹ́ pé bí aago 12 ọ̀sán bá lù ní Ìjẹ̀bú-Òde, aago 11 òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Bí oṣù Kẹta bá wá ń parí lọ, tí ojúmọ́ wọn ń gùn sí i, wọ́n á ti aago síwájú ní wákàtí 1, aago wọn á sì bá tiwa dọ́gba títí di òpin oṣù Kẹwàá.

Ẹ jẹ́ ká tún tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá kà. Aago 11 òwúrọ̀ tí ọmọ yín gbéra jẹ́ aago 12 ọ̀sán nílé yín, láti aago 12 dé aago 6 ààbọ̀ sì jẹ́ wákàtí 6 ààbọ̀. Nígbà tó ń padà, aago 11 alẹ́ tiwa jẹ́ aago 10 alẹ́ tiwọn, láti ibẹ̀ dé aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 35 sì jẹ́ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 35. Ìṣẹ́jú 5 péré ló wà láàárín àlọ àti àbọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Ojúde Ọba ni kò ní ìdààmú kankan nínú, nítorí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà láwọn ọdún wọ̀nyí, ìgbà tí aago méjèèjì bára dọ́gba. Ṣùgbọ́n Iléyá a máa fi bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Bí a bá dé nǹkan bí ọdún 2032, yóò ti sún dé ìgbà tí àwọn òyìnbó kò tíì ti aago wọn, wákàtí kan tó ń dà yín láàmú yìí yóò sì tún yọjú. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aago 5 ààbọ̀ ṣe aago tí ẹ ó rí ojú ọmọ yín. Ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú bá dúró ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà ṣì ń bẹ níwájú tí wọn yóò yẹ̀ wò, àpótí ṣì ń bẹ tí yóò dúró dè. Ẹ fi wákàtí 1 kún un, ó kéré tán.

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí lórí bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí Èkó. Ìwé kan sọ pé 5,000, òmíràn sọ pé 3,100, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sì ń bá mi jiyàn pé 2,700 ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ní àfikún, báwo ni ènìyàn ṣe ń wọn ọ̀nà tí kò sí lórí ilẹ̀? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́)

Èsì: Bàbá, ẹ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́. Kìlómítà 5,000 ni, máìlì 3,100 ni, máìlì ojú òkun 2,700 náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fi kóńgò, igbá àti agolo mílíìkì wọn gàrí kan náà ni. Máìlì ojú òkun, tó jẹ́ kìlómítà 1.852, ni àwọn awakọ̀ òfurufú jogún lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ojú omi, ìdí sì nìyí tí ọmọ ọmọ yín fi dúró lórí tirẹ̀.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tó fa okùn gba ojú sánmà. Ojú ibi tí pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n mọ̀ pàtó, ìṣirò ló sì ń ṣe ìyókù: wọ́n ń wá ọ̀nà tó kúrú jù lọ láàárín ojú méjèèjì lórí ohun tó rí róbótó. Mo dán an wò ní ọ́fíìsì wa pẹ̀lú àwòrán ayé róbótó kan tí ọmọ mi lò nílé ẹ̀kọ́, tó ti já kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo fi kóòpù tíì gbé ró. Mo fi àtàǹpàkò tẹ òwú ìránṣọ mọ́ Èkó, mo fà á le dé Lọ́ńdọ̀nù, mo sì fi bírò sàmì sí i. Nígbà tí mo wá ń fi ìwọ̀n òwú yẹn yí gbogbo ayé ká, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó padà kan ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ mọ̀ pé ìyíká ayé jẹ́ bíi kìlómítà 40,000. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 8, 5,000 ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ọ̀nà ọmọ ọmọ yín, ìyíká jẹ́ dígírì 360, ìdá kan nínú 8 rẹ̀ jẹ́ 45, dígírì kọ̀ọ̀kan sì pín sí ìdá 60 tí àwọn atukọ̀ ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ṣe máìlì ojú òkun 1. Ọ̀nà 60 lọ́nà 45 jẹ́ 2,700. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Òwú yìí kan náà ló ń tú àṣírí máàpù pẹlẹbẹ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà láti Èkó dé New York lórí máàpù bẹ́ẹ̀ yóò rò pé òun ti rí ọ̀nà tó kúrú jù, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀nà tí òwú gbà lórí ayé róbótó wá sórí máàpù náà, yóò tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, yóò sì yọ ikùn sí ìhà àríwá. Òwú ló tọ̀nà, rúlà kọ́.

Àmọ́ jíjìnnà tí à ń wí yìí, ti pápákọ̀ òfurufú sí pápákọ̀ òfurufú ni. Kì í ṣe dandan kí ọkọ̀ òfurufú tẹ̀ lé òwú náà ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan. Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gba orí Orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀bá Niger, Mali, aṣálẹ̀ Algeria, òkun Mẹditaréníà àti Faransé, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti ojú sánmà rẹ̀ pa, a ní láti yà bàrá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n kéde pé ọkọ̀ òfurufú kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọn kọjá, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà náà, Èkó kò kúrò níbi tó wà, Lọ́ńdọ̀nù kò kúrò, 5,000 ṣì ni 5,000, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rin ọ̀nà náà pẹ́ lójú òfurufú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo sì jó sí i. Kí ẹ tó bínú sí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, ẹ rántí ọkọ̀ ojú omi Aureol tí àwọn ẹgbẹ́ yín bá lọ kàwé: bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ti Àpápá dé Liverpool.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fò láti Èkó lọ sí New York, ó ní àlọ gbà ju wákàtí 11 lọ, àbọ̀ kò sì ju wákàtí 10 ààbọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé ayé tó ń yí ló fà á, ó ní bí ọkọ̀ òfurufú bá tilẹ̀ gbéra, tó dúró sójú kan lókè, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wá bá a. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àgọ́-Ìwòyè)

Èsì: Àbúrò mi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ta kò ó. Ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ń yí kúrò lábẹ́ ọkọ̀ òfurufú, àlọ sí Amẹ́ríkà ni ìbá yá, àbọ̀ ni ìbá pẹ́, ìdàkejì ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ rí gan-an. Nígbà mìíràn tí o bá wọ bọ́ọ̀sì láti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí bọ́ọ̀sì ń sáré geere, ju ẹ̀pà kan sókè kí o sì la àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀pà náà yóò padà sí ọwọ́ rẹ, kò ní fò lu ẹni tó jókòó lẹ́yìn, nítorí pé eré tí bọ́ọ̀sì ń sá wà lára ẹ̀pà náà kí o tó jù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ òfurufú ṣe jọ ń yí pọ̀.

Ẹ̀fúùfù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 12 lókè, pàápàá lápá àríwá ayé níbi tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wà, ẹ̀fúùfù líle kan wà tó ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Eré rẹ̀ a máa ju kìlómítà 160 ní wákàtí kan lọ, nígbà òtútù a sì máa kọjá 300 nígbà mìíràn. Ẹni tó ń bọ̀ wá sílé jókòó sẹ́yìn odò yìí, ẹni tó ń lọ ń wà á kojú rẹ̀. Èkó sí New York jẹ́ bíi kìlómítà 8,440. Bí ọkọ̀ òfurufú tí eré rẹ̀ jẹ́ 900 bá pàdé ẹ̀fúùfù 100 níwájú, 800 péré ni yóò kù lórí ilẹ̀; bí ẹ̀fúùfù náà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò di 1,000. Apá kan ọ̀nà náà ni ẹ̀fúùfù yìí ti lágbára, torí pé ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kò ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ náà kò fi ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ìdí kan náà ni kò jẹ́ kí ìyá wa aláṣọ rí i lójú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù: àríwá àti gúúsù lọkọ̀ ń gbà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀fúùfù náà ń kọ lù ú.

Ìbéèrè: Mo máa ń lọ ra ọjà ní Àbújá. Wọ́n ní kìlómítà 511 ni láti pápákọ̀ òfurufú Èkó dé ti Àbújá, wọ́n sì ní ọkọ̀ òfurufú ń sá ju 800 lọ ní wákàtí kan. Èéṣe tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń kọ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 dípò ìṣẹ́jú 40? Èkejì, bí mo bá wọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Gateway tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sáàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, ìṣẹ́jú mélòó ni n óò jèrè? (Oníṣòwò kan, Ṣágámù)

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, 800 náà jẹ́ eré tí ọkọ̀ òfurufú ń sá nígbà tó bá ti gòkè tán tó sì tẹ́jú, ìrìnàjò Àbújá kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àyè tẹ́jú. Kí ọkọ̀ tó gun òkè tó yẹ kó gùn, ó ti lò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà. Bí ó bá sì ku bíi kìlómítà 180 kó dé, awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àárín tó kù kò tó nǹkan, ó dà bí ẹni tó gun àkàbà lọ mú igbá lórí àjà, tó sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, aago tíkẹ́ẹ̀tì kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀. Ó ti ń kà láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń fà sẹ́yìn kúrò ní ibùdó rẹ̀, kì í sì í dúró títí ọkọ̀ yóò fi dúró ní ibùdó mìíràn.

Mo ti fi aago wọn èyí lójú ara mi. Mo jáde nílé ní Ìpẹru ní aago 5 ìdájí nítorí ọkọ̀ òfurufú aago 9 ààbọ̀. Tírélà kan dábùú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a sì fi wákàtí 2 wo ẹ̀yìn ara wa. Mo sáré dé Ìkẹjà pẹ̀lú òógùn, wọ́n ní ọkọ̀ kò tíì dé. Ilé iṣẹ́ náà kò sọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a wọlé tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọkọ̀ mi: a fà sẹ́yìn ní 11:25, táyà kúrò nílẹ̀ ní 11:38, táyà kanlẹ̀ ní Àbújá ní 12:29, a dúró ní 12:37. Ìṣẹ́jú 51 ni mo lò lójú sánmà nínú ìrìnàjò tó gbà mí ní ohun tó lé ní wákàtí 7 ààbọ̀, n kò sì tíì rí àpótí mi.

Èyí ló jẹ́ kí ìbéèrè yín kejì dùn mọ́ mi. Láti pápákọ̀ òfurufú Rẹ́mọ, ọ̀nà òfurufú sí Àbújá fi nǹkan bíi kìlómítà 50 kúrú sí ti Ìkẹjà, èyí tí kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ ní eré ojú sánmà. Bí ẹ bá ń wo tíkẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ lè má tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Orí ilẹ̀ ni èrè wà: láti Ṣágámù, Ìlíṣàn kò jìnnà, ẹ kò ní kan Bẹ́gà, ẹ kò sì ní kan Ọ̀tẹ̀dọlá. Fún ará Ìjẹ̀bú-Òde pàápàá, tí Ìkẹjà kò ju bíi kìlómítà 70 lọ sí i bí ẹyẹ bá fò ó, tí mọ́tò sì ń rìn tó bíi 100 kó tó dé ibẹ̀, ìgbà tí yóò jí ni yóò kọ́kọ́ yí padà. Ẹ sáà wo aago àti iye owó dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí pé ọkọ̀ tí yóò gbé yín ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rìn ṣe pàtàkì ju pápákọ̀ òfurufú tó súnmọ́ yín lọ.

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Mẹ́kà, Èkó la ó ti gbéra lọ sí Jẹ́dà. Wákàtí mélòó ni? Àwọn kan sọ pé 5, àwọn kan sọ pé ó ń lọ sí 7. (Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Èsì: Bàbá, kí Ọlọ́run gbà á ní iṣẹ́ ìjọsìn. Èkó sí Jẹ́dà jẹ́ bíi kìlómítà 4,200, bí ọkọ̀ bá sì tọ òwú lọ, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 5. Orí Chad àti Sudan ni òwú náà gbà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, tí wọ́n fi ti ojú sánmà ibẹ̀ pa. Àwọn arìnrìn-àjò wa ọdún náà ní láti yí ká, ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ nǹkan bíi wákàtí 7 ti rí tiwọn. Ẹ bi àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò yín nípa ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Aago Sáúdí fi wákàtí 2 ṣíwájú tiwa: bí ẹ bá gbéra ní aago 8 alẹ́, tí ọ̀nà sì gbà yín ní wákàtí 6, aago ọwọ́ yín yóò máa wí pé aago 2 òru ni, nígbà tí ti Jẹ́dà ti lu 4. Ẹ ti í síwájú kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ìrun àsùbáà má baà kọjá mọ́ yín lórí níbi tí ẹ ti ń dúró de àpótí.